Èmi Ni Mo Ni Ọmú, Èmi Ni Ẹ Kò Sọ Fún

Agbo Ilé Gbádéyan,
Òkè Baálẹ̀,
Òṣogbo.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 1974.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Àánúolú,
Òṣogbo.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÀÌSÀN TÍ Ẹ FI PAMỌ́ FÚN ALÁÌSÀN, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN IṢẸ́ ABẸ

1. Olùkọ́ ni mí, opó sì ni mí. Nínú oṣù Kẹta ni mo wá sọ́dọ̀ yín nítorí kókó kan tó yọ sí mi lọ́mú òsì. Dókítà gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí èsì dé, òun àti nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lójú mi ní Òyìnbó oníṣègùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa níléèwé àwọn olùkọ́. Mo bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ jókòó níta, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó sìn mí wá, Alàgbà Amos Gbádéyan, tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, wọlé.

2. Nígbà tí Bùọ̀dá jáde, oówo tí kò tíì fẹ́ tú ni wọ́n pè é fún mi. Nọ́ọ̀sì kò já wọn nírọ́. Oògùn ara ríro ló kó lé mi lọ́wọ́. Mo ń lò ó títí di oṣù Keje, kókó náà sì ń tóbi.

3. Làbákẹ́, ìyàwó Bùọ̀dá, ló tú àṣírí. Ó ti pẹ́ tí èmi àti Làbákẹ́ ti ń yan ara wa lódì. Ṣàdédé ló gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ wá bá mi, ó ní òun ti dárí jì mí. Ẹ̀yin Ọ̀gá, òun ló ṣẹ̀ mí! Ara fu mí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kò ní jáde àfi tó bá sọ ohun tó mọ̀. Ó bú sẹ́kún, ó ní jẹjẹrẹ ọmú ni.

4. Ó ní dókítà ṣàlàyé yékéyéké fún Bùọ̀dá pé kókó náà ń fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀ ara rẹ̀, pé ó ń tipa wọn jẹun lára mi, àti pé kí a tètè gé e kó tó tàn. Mo mọ àfòmọ́ lórí igi obì bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ọ̀rọ̀ yìí yé mi kíá. Kí ló dé tí dókítà kò lè sọ ọ́ fún mi? Bùọ̀dá ló ní a kì í sọ irú rẹ̀ fún aláìsàn, kí ọkàn rẹ̀ má baà já. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ẹ̀yin ni mo ń bínú sí.

5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá wá fúnra mi, mo ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n ní kí n lọ mú Bùọ̀dá wá buwọ́ lùwé. Èyí mà ga o! Ọmọ tó gba òdo nínú ìṣirò, òun fúnra rẹ̀ ni mo máa ń pè sọ fún. N kì í lọ sọ fún àdúgbò kí n fi òun sílẹ̀. Ta ló ni ọmú? Ta ni wọn yóò tẹ́ sórí tábìlì?

6. Lánàá, ọjọ́ Àìkú, mo pe gbogbo agbo ilé jọ, mo fi ẹnu ara mi sọ orúkọ àìsàn mi fún wọn. Bùọ̀dá sunkún ju gbogbo wa lọ. Èmi ni mo ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Kò wá sí ẹni tí ẹ tún ń fi í pamọ́ fún mọ́.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí dókítà gba ìbuwọ́lùwé tèmi, kí ó sì ṣe iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá ti tàn, tí ẹ̀pa kò bóró mọ́, kí ó wo ojú mi, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n etí mi ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èmi àti Bùọ̀dá la jọ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ti gbà láti jókòó níta.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tí ń dúró de èsì,
Yéjídé Gbádéyan (Ìyáàfin),
Olùkọ́.