Wàrà Tí Màmá Kì í Jẹ́ Kí A Sè

Bàbá Ìbejì,

Ẹ má fẹnu kan wàrà inú fíríìjì o. Dókítà ẹran pè láàárọ̀ yìí, ó ní wọ́n bá ikọ́ ife lára màálù tí a tà fún alápatà. Nọ́mbà tí ẹ so mọ́ etí rẹ̀ ló júwe ilé wa fún wọn. Èmi tí mo ní ẹ ń dá etí ẹran lu lásán, mo ti panu mọ́. Wọ́n ń bọ̀ wá yẹ àwọn tó kù wò, ẹ má jẹ́ kí ìkankan jáde.

Mò ń gbé màmá yín lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò, torí wàrà tí wọ́n ń mu láìsè. Wọ́n ní, "Màálù tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ ò lè pa mí." Àmọ́ wọ́n ti wà nínú mọ́tò kí n tó wọ bàtà. Wọ́n ní n má sọ fún yín pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Tí dókítà ẹran bá ti lọ, ẹ wá bá wa níbẹ̀.