Ohun Tí Mo Sọ Níbi Ìpàdé Ìwé Sáyẹ́ǹsì

Corinna, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ṣikágò tí òtútù ibẹ̀ ń gé ni létí? Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí yìnyín, kí egungun àwọn ẹranko àtijọ́ tí o ń nu eruku lára wọn níbi iṣẹ́ rẹ má wó lù ẹ́. Ara mi le, àfi orúnkún. Mo pè ẹ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin kan ló ń gbé e, ó ní kí n sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí nǹkan bá ké píìn. Mo kí i, mo bi í bóyá ò ń jẹun, kò fèsì. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Igi ápù ẹ̀yìnkùlé so gan-an. Mo se èso rẹ̀ mọ́ ṣúgà, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì ya tìẹ sọ́tọ̀ bí mo ṣe ń yà á láti ọdún mẹ́rin tí o ti lọ, ìgò ti kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Tíṣà Prater tó kọ́ ẹ ní sáyẹ́ǹsì ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ pé ayé ti pẹ́ kọjá kíkà, pé ẹja ti wà kí ènìyàn tó wà. Pásítọ̀ Sizemore ní àwọn ò gbà, ó ní kí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ ìwé pélébé kan mọ́ iwájú ìwé sáyẹ́ǹsì gbogbo ọmọ. Wọ́n pe ìpàdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà sì fi mọ́tò gbé mi lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò lè dúró níbì kankan, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi wá àga. Wọ́n wá a lóòótọ́, nítorí náà fọ́ọ̀mù wúlò.

Wọ́n ka ohun tó wà nínú ìwé pélébé náà sí wa létí: pé àbá lásán ni ohun tí ìwé yìí ń sọ, kí ọmọ fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo nawọ́, mo ní ṣé wọ́n lè fún wa ní ọgọ́rùn-ún lára rẹ̀, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn Bíbélì ṣọ́ọ̀ṣì náà, torí ìmọ̀ràn rere ni. Tíṣà Prater fọwọ́ bo ẹnu, mo rò pé ikọ́ ni.

Pásítọ̀ wá dìde, ó ní Ọlọ́gbọ́n kan ló ṣètò gbogbo ohun tí a rí, kò sí èyí tí kò fi ọgbọ́n ṣe. Orúnkún mi ní kí n bi í nípa òun, mo ní kó dákẹ́. Ó tún ní ewé tí àwọn awakùsà ń rí nínú òkúta, ìkún-omi Nóà ló kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Bó ṣe dárúkọ awakùsà, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Dillard, bàbá rẹ.

Corinna, mo mọ ohun tó lé ẹ kúrò nílé. Níwájú pósí bàbá rẹ ni Pásítọ̀ ti sọ pé àjà kòtò èédú ì bá má wó lù ú ká ní ọmọ rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ayé tó ti pẹ́ pe Ọlọ́run ní òpùrọ́. O dìde, o jáde. Gbogbo ìjọ wò mí, èmi sì jókòó bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ àga.

Lọ́tẹ̀ yìí mo dìde. Mo ní: "Pásítọ̀, wọ́n fi ohun tó pa ọkọ mi hàn mí. Kùkùté igi ni, tó ti di òkúta nínú àjà kòtò èédú, òun ló já bọ́ lù ú. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí èmi àti ẹ̀yin. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni Corinna ti kìlọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, inú ìwé tí ẹ fẹ́ lẹ nǹkan mọ́ yìí ló ti kà á. Ohun tí ẹ sọ níbi òkú yẹn, irọ́ ni."

Iná kan wà lórí tábìlì wọn tó máa ń tàn bí ewé tútù fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó di pupa. Mo dákẹ́, mo ń retí kó tún padà di àwọ̀ ewé kí n máa bá tèmi lọ bí a ti ń ṣe ní ìkóríta, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n jókòó.

Wọ́n dìbò, ẹni mẹ́ta sí méjì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́. A ò borí. Tíṣà di ọwọ́ mi mú láti ìdí mọ́tò dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Pásítọ̀ wá. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń yí fìlà lọ́wọ́, ó ní ohun tí òun sọ níbi ìsìnkú kò yẹ ní sísọ. Ní ti Nóà, ó ní òun ò yí padà o. Mo bu ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo fún un, mo ní kì í ṣe èmi ló yẹ kó bẹ̀, mo kọ àdírẹ́sì rẹ fún un. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá dé, o lè kà á, o sì lè fi dáná.

Mo ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Báàgì mi ni mo máa ń gbé sí ibi tí o máa ń jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó síbẹ̀.

Tí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó bọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi. Má fi gba orí fóònù, ọmọbìnrin báǹkì ní inú sánmà ni irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń wà, mi ò sì ga tó bẹ́ẹ̀. Inú àpòòwé ni kí o fi í sí. Mo fẹ́ wá wo yàrá tí o ń sùn. Bí ìwọ náà bá sì fẹ́ wá, wá, má dúró dè mí.

Ọlọ́run tó dá ayé, iye ọdún yòówù kó gbà á, á bá mi tọ́jú rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Orpha Stamper