Ẹ Má Fi Ọwọ́ Wọn Apá Mi

Òkìtìpupa,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ìyé mi ọ̀wọ́n,

Èmi ọmọ yín ni. Ẹ má bá mi jà pé mo ń kọ̀wé sí òkú. Nígbà tí ẹ wà láàyè pàápàá, ẹ kò mọ̀wé kà. Ẹlòmíràn ni ó máa ń ka lẹ́tà mi fún yín ní Ìkọ̀yà, ẹ ó sì ní kí ó tún un kà títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ. Nítorí náà, n ó kọ èyí bí mo ti ń kọ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí yóò kà á fún yín níbẹ̀ ni n kò mọ̀.

Ọkọ mi ń kí yín. Ó ṣì ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ mọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣì ń kígbe bí adìyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Òrùlé yín ní Ìkọ̀yà kò tíì jò. Ẹnìkan ti gba ibi tí ẹ ti máa ń fún epo, kò sì mọ̀ ọ́n fún bíi tiyín. Mo ti rù, Ìyé. Ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń ṣe nígbà tí mo bá wá kí yín? Ẹ kì í dá mi lóhùn títí ẹ ó fi di apá mi mú. Ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì, tí epo ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, yí apá mi ká níbi tí ó ti tóbi jù, ẹ ó máa wò ó bóyá ìka yín á kan ara wọn. Bí wọn kò bá kàn, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó wá sọ pé káàbọ̀. Ọdún tí ibà dá mi dúbúlẹ̀, ìka yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Ẹ bú ọkọ mi débi pé kò lè gbé orí sókè, ẹ sì gbé pupuru kalẹ̀ fún mi, òkìtì rẹ̀ tó orí ọmọdé, pẹ̀lú ẹja tó yẹ kí a fi ṣe ìnáwó. Inú yín kò dùn títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

N kò dá yín lẹ́bi. Ebi ni ó tọ́ yín dàgbà, ẹ kò sì fẹ́ kí ó mọ ilé mi. Ara mi ni ẹ fi ń yangàn lójú àwọn tó mọ̀ yín nígbà tí ẹ kò ní. Ṣùgbọ́n ara tí ẹ fi ń yangàn náà ni kò jẹ́ kí n bímọ. Ẹ ti kú kí ẹnikẹ́ni tó là á yé mi, mo sì dúpẹ́ pé etí yín kò gbọ́ ọ.

Ewé marúgbó tí ẹ dì rọ̀ sí òkè ààrò ńkọ́? Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé èmi ni ẹ so ó rọ̀ dè, pé ọjọ́ tí mo bá bímọ ni ẹ ó fi se ọbẹ̀ dúdú fún mi, kí ikùn mi lè mọ́. Bí ó bá gbẹ jù, ẹ ó kó o dànù, ẹ ó so tuntun. Ẹ kò bi mí léèrè rí pé kí ló dé tí oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀. Ẹ kàn ń pààrọ̀ ewé. Nígbà tí àìsàn wá dé sí yín lára, ẹ ní kí n má sunkún, pé bí ẹ kò bá rí ọmọ mi láyé yìí, ẹ ó padà wá sọ́dọ̀ mi fúnra yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn. Òun ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, ara mi wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà. Nǹkan oṣù mi ti dá dúró pátápátá. Nọ́ọ̀sì kan ni ó darí wa lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní ìlú ńlá, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Dókítà yìí ní ọ̀rá ni ó di ọ̀nà ọmọ mi. Ó ní òun lè la ikùn mi, kí òun já ìfun, kí òun so ó pọ̀ lọ́nà kúkúrú, kí oúnjẹ lè máa kọjá kí ara tó rí púpọ̀ mú nínú rẹ̀. Ìyé, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí oúnjẹ kọjá lára mi! Mo ronú nípa yín nígbà tí wọ́n ń gbé mi wọlé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín kí oorun òògùn tó gbé mi lọ.

Lóòótọ́ ni mo rù. Àwọn tó ń kí mi kú oríire kò mọ ohun tí ojú mi ń rí. Gbogbo ohun tí mo bá jẹ ni ó ń di ìgbẹ́ gbuuru, n kò lè jìnnà sí ilé, n kò lè jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irun mi ń já sínú ìyarun. Awọ ara mi tú, ó ń gbọ̀n lábẹ́ apá mi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo ń tijú lójú ọkọ mi. Òun kàn ń gba bùbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rán an kéré. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kọ̀ láti fọwọ́ kàn, bùbá pupa tí ẹ rà fún mi nígbà ìgbéyàwó. Ó ní òun kò lè fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ tí ìyá ìyàwó òun rà.

Àwọn obìnrin méjì ni ó gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Orí bẹ́ǹṣì dókítà yẹn ni a ti pàdé, ẹnu iṣẹ́ abẹ kan náà ni gbogbo wa ti kọjá. Màmá Rúùtù wá láti Erinje, Bọ́sẹ̀dé wá láti Àyèká, a kò sì mọ ara wa rí pẹ̀lú bí ìlú wa ti sún mọ́ra tó. Bọ́sẹ̀dé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ni ó sọ wá ní Ẹgbẹ́ Onífun Kúkúrú. Ọjọ́ ọjà ni a máa ń jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ohun tí èmi kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ni ó kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wa. Màmá Rúùtù ni ó kọ́ mi pé kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹyẹ, pé kí n má mu omi lé oúnjẹ lórí, pé kí n má jẹ́ kí inú mi ṣófo láé. Ó ti bí Rúùtù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tirẹ̀. Bí ó bá gbé ọmọ náà wá, èmi àti Bọ́sẹ̀dé á máa fi ọwọ́ kàn án bí ẹni pé a fẹ́ mọ̀ bóyá ó jẹ́ òótọ́.

Ìyé, mo lóyún. Ó yá ju bí dókítà ti fẹ́ lọ, ó ti ní kí a ní sùúrù títí ara mi yóò fi dá dúró níbi tó ń rù dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń sá fún mi padà wá lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún wá mọ́. Ìyábọ̀ ni mo sọ ọmọ inú mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò rò pé ó lè jẹ́ ọkùnrin. Mo máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú mi, mo máa ń sọ fún yín pé ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, ilé tí ẹ wà ti há.

Ìjọ Aládùúrà ni a ń lọ, ẹ mọ̀. Níbẹ̀, obìnrin tí ó pẹ́ kí ó tó lóyún ní láti gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí ó dúró ti Ọlọ́run lórí ilẹ̀ àánú, ibi tí ìjọ yà sọ́tọ̀ fún àdúrà, láìjẹ láìmu, kí oyún náà má bàa yẹ̀. Wòlíì wa dárúkọ mi. Kò ní ibi lọ́kàn, oyún tó ti dúró nípasẹ̀ ààwẹ̀ yẹn kì í ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dúró yẹn, ìfun wọn gùn. Màmá Rúùtù lọ kúnlẹ̀ fún un, ó ṣàlàyé títí. Ohun tí wòlíì gbà ni pé ẹlòmíràn lè bá mi gba ààwẹ̀ náà. Màmá Rúùtù ń tọ́mọ lọ́wọ́. Kí a tó wá ẹni tí ara rẹ̀ le, Bọ́sẹ̀dé ti di ẹní rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ àánú.

Ìfun tirẹ̀ náà kúrú. Ó mọ̀. Wọ́n gbé e jáde níbẹ̀ kí ààwẹ̀ tó parí, ètè rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ ti yí. Ó pẹ́ ní ọsibítù kí ó tó lè jókòó. Nígbà tí mo lọ wò ó, tí mo ń sunkún, ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Má bà mí nínú jẹ́. Lọ jẹun." Bẹ́ẹ̀ òun náà ń wá ọmọ, Ìyé. Mélòó nínú ọmọ ìyá ẹni ni ó lè ṣe èyí?

Mo lọ jẹun. Ẹyin, ògì, ẹja tí wọ́n rún, díẹ̀díẹ̀ bí ẹyẹ. N kò mọ ohun tí mo jẹ tí ó dúró. Oṣù mi kò pé nígbà tí ìrọbí mú mi.

Obìnrin ni. Ó kéré débi pé agbẹ̀bí fi òwú wé e kí ó tó fi aṣọ wé e. Wọ́n gbé e sí àyà mi, ó ń mí bí ẹni tó ti rin ọ̀nà jíjìn. Ojú rẹ̀ dà bíi tiyín, kí n má parọ́, iwájú orí yẹn ni. Mo pè é ní Ìyábọ̀ sí etí. Ó la ojú. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé apá mi. Ibẹ̀ gan-an, Ìyé. Ó di awọ tí ó tú yẹn mú, ó mú un dání fún ìgbà díẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kò tún di nǹkan kan mú mọ́. Kò rí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọn kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, ẹ mọ bí àṣà ti rí.

Màmá Rúùtù lọ sí Ìkọ̀yà, ó tú ìdì ewé yín sílẹ̀ lókè ààrò, èyí tí ẹ so gbẹ̀yìn. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, pé kò sí ọmọ. Ó se ọbẹ̀ náà, ó ní ikùn tó bímọ ni ikùn tó bímọ. Èéfín ilé yín ni ó ń rùn jáde nínú rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé, tí ó ṣì ń fi ògiri rìn, ni ó ń fi síbí bù ú sí mi lẹ́nu, mo sì mu ún. Ó korò. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tiyín ìbá ṣe korò.

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sinmi, n kò sì lè bi ẹnikẹ́ni àfi yín. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ wá? Ṣé ẹ mú ìlérí yín ṣẹ, ẹ fi ọwọ́ yí apá mi ká bí ẹ ti máa ń ṣe, ẹ wá rò pé ẹ ti ṣi ilé yà? Ohun tó dùn mí jù ni pé nítorí kí ẹ lè wọlé ni mo ṣe rù. Ọmọ tí ó bá kú, wọ́n máa ń fi àmì sí i lára kí ìyá lè dá a mọ̀ bí ó bá tún wá. Ta ni ó ń fi àmì sára ìyá, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ ọ́n?

Bùbá pupa yẹn ni mo ń wọ̀ báyìí. Òun ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń dáná, èjìká rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ lára mi. Àwọn ará àdúgbò rò pé ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn yòókù náà, gbogbo ohun tí ó ti rán kéré, ó ń tú u padà sí bí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Mo ti so ewé tuntun rọ̀.

Ṣùgbọ́n aṣọ kì í ṣe ara. Nítorí náà, bí ẹ bá tún ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ wọn apá mi. Ẹ kọ́kọ́ sunkún, kí n dá yín lóhùn, kí ẹ gbọ́ mi dáadáa kí ẹ tó pinnu. Ohùn mi kò rù, Ìyé.

Èmi ni, kì í ṣe ẹlòmíràn,
ọmọ yín kan ṣoṣo, tí ẹ bọ́ yó.