Ìlà Tí Mo Nù Kúrò Lára Òpó Kẹta

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025
Pásítọ̀ Olúyọmí pè mí lẹ́nu iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti rí ilé tí a fẹ́ rà — ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan níbí ní Garland lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, kò jìnnà sí àpátímẹ́ǹtì mi. Kọnkéré látòkè délẹ̀, òpó mẹ́jọ ló gbé àjà òkè dúró. Ó ní kí n fi kọ̀ǹpútà ya bí inú rẹ̀ yóò ṣe rí tí a bá to àga sí i, káwọn ará rí i ní Àìkú ọjọ́ kẹrìndínlógún kí wọ́n tó dìbò. "Sister Sẹ̀gi, ẹ jẹ́ kó dà bíi real life o. Kí ògiri yẹn fi ọjọ́ orí ẹ̀ hàn." Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun náà nìyẹn. Mo gbà.

Ọjọ́rú, 5
Mo lọ ya fọ́tò àwọn òpó. Bàámi bá mi lọ. Ó ṣe bíríkìlà ní Ìwó fún ọdún gbọọrọ, ó kàn fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sọ ìdí fẹ́nikẹ́ni. Láti oṣù Kẹwàá tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí. Lónìí ó ń lọ láti òpó dé òpó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n lára. Ó dúró pẹ́ nídìí ẹ̀kẹta. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní òtútù ń mú òun, ká máa lọ.

Àbámẹ́ta, 8
Ògiri ti ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ipa omi òjò. Ihò wínníwínní. Àwọ̀ ewé níbi tí omi ti ń sun.

Òfin Jessica, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní Carrollton: fọ́tò kékeré kan là ń lẹ̀ káàkiri ògiri ńlá, bí ìgbà téèyàn ń to táìlì. Àmì tó bá dá yàtọ̀ á máa yọjú lẹ́ẹ̀mẹwàá, ojú á sì tètè já a. Nítorí náà, nù ún. Ìlà gbọọrọ kan wà lára òpó kẹta, tí omi pupa rúsúrúsú ti ṣàn láti inú rẹ̀. Mo nù ún. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó mọ́ tónítóní.

Àìkú, 9
Mo fi han Bàámi lẹ́yìn ìsìn. Mo ti ń retí kó yìn mí. Ó yìn mí lóòótọ́ — ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn ògiri náà. Ó wá nàka sí òpó kẹta. "Ìlà ibí yìí ńkọ́?" Mo ní mo ti nù ún, àwòrán lásán ni. "Ta ló ní kó o nù ún?"

Inú bí mi. Mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, pé kó fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi. Ó dìde. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́, mo sì ti jẹ́ kó bọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10
Òjò. Bàámi jókòó sídìí fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní ìlà yẹn kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó. Irin inú òpó ló ti dógùn-ún, ó wú, ó ń ti kọnkéré síta. Ìpáàrà ló ń ṣàn nínú omi pupa yẹn.

Ó wá sọ ti Ìwó. Ilé alájà kan, èmi ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára òpó. Onílé ní kó rẹ́ ẹ, kó kùn ún, ayálégbé ń bọ̀. Ó rẹ́ ẹ débi pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, òpó ṣẹ́, ilé wó lulẹ̀. Salimot aránṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, tòun toyún. Mo rántí Salimot. Òun ló rán yúnífọ́ọ̀mù mi.

"Ọwọ́ mi yìí náà ni. Mo tún rí i ní Wednesday ijọ́sí, mo tún dákẹ́."

Ẹkún ni mo sun lórí freeway títí dé Carrollton.

Àbámẹ́ta, 15
Mo dá ìlà náà padà, mo fi han Pásítọ̀, mo sì sọ ohun tó jẹ́ fún un. Inú Pásítọ̀ ò dùn. Ó ní láti January la ti ń gbààwẹ̀ lórí ilé yìí, àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ò sọ nǹkan kan. "Ẹ yọ ọ́, please. Ẹ má jẹ́ kí ògiri lanu láàárín wa." Mo ní kó má bínú, mi ò lè yọ ọ́.

Àìkú, 16
Wọ́n gbé àwòrán náà sí iwájú ìjọ. Ìlà náà gùn ju èèyàn lọ. Mojíbọ́lá tó ń darí akọrin béèrè pé kí nìyẹn. Pásítọ̀ wò mí. Kí n tó lanu, Bàámi ti dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìjọ, ó dárúkọ Salimot, ó dárúkọ ara rẹ̀.

Pásítọ̀ ní kò ní sí ìbò títí ẹnjiníà yóò fi wò ó.

Ọjọ́rú, 19
Ẹnjiníà Hafsah fi òòlù kan òpó kẹta. Kọnkéré ṣí kúrò bí èèpo. Ìpáàrà ti jẹ irin inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìtayín. Òpó karùn-ún náà, òpó keje náà. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun dúró lábẹ́ àjà yẹn.

A ò rà á mọ́. Pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi níta níbẹ̀, tòun ti kóòtù. Bàámi jẹun yó lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mi ò lọ síbi iṣẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tẹ̀ lé òfin Jessica. Ilé ìgbọ́kọ̀sí àtijọ́ kan wà ní àárín Dallas tí mo yà lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Tèmi ṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀, èmi náà jókòó ti òpó. Mo mọ̀ pé mo nu nǹkan kúrò lára òpó yẹn. Mi ò rántí ohun tó jẹ́.

Àwọn fọ́tò bí wọ́n ṣe wà kí n tó nù wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ilé mọ́kànlélógójì. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Bàámi ti gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí fèrèsé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti wọ gíláàsì. Ó ní kí n ṣí fọ́tò ilé kìíní.