Fíìmù Tí Lowell Ostrander Kọ̀ Láti Dá Padà

Ẹgbẹ́ Àwọn Adití
Akron, Ohio
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì, ọdún 1930

Ìyáàfin Wilhelmina Ostrander,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìbínú tí a kò ní fi pamọ́ fún yín, ni ẹgbẹ́ wa fi gba ìròyìn ikú ọkọ yín, Ọ̀gbẹ́ni Lowell Ostrander, tó fi ọdún mọ́kànlá yí ẹ̀rọ sinimá fún wa ní gbọ̀ngàn wa ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ọkọ yín kì í ṣe adití, kò sì mọ ìṣe wa nígbà tó dé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé fíìmù ìfẹ́ aláìlóhùn náà, Àfẹ́sọ́nà Apẹja, wá, ó yí i dé ibi tí ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ fún ọmọbìnrin náà létí òkun. Ibẹ̀ làwọn tó ń gbọ́ràn máa ń sunkún. Gbogbo gbọ̀ngàn wa bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ó sì dá a dúró. Akọ̀wé wa kọ ọ́ sórí ìwé fún un pé ètè àwọn òṣèré la ń kà. Ohun tí wọ́n kọ sójú fíìmù ni pé, “Tìẹ ni mí títí ikú.” Ohun tí ọkùnrin náà ń sọ ní tirẹ̀ ni pé, “Kúrò lórí ẹsẹ̀ mi, àlùbọ́sà ń rùn lẹ́nu ẹ.” Ọkọ yín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè ọwọ́ wa, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ títí dọjọ́ ikú rẹ̀. A fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fíìmù olóhùn dé, ọ̀rọ̀ kíkọ pòórá, àwọn òṣèré sì ń kẹ̀yìn sí wa sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni Àfẹ́sọ́nà Apẹja ní kí a dá gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ padà, kí àwọn lè yọ fàdákà tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì tà á. Aṣojú wọn sọ fún ọkọ yín pé ayé ti kúrò níbẹ̀. Ọkọ yín fi ẹnu dá a lóhùn, ó sì fi ọwọ́ sọ ọ́ kí àwa náà lè rí i:

“Ayé tìẹ ló kúrò ńbẹ̀. Tàwọn èèyàn yìí jókòó síbí, wọ́n ń dúró dè mí. Kúrò níwájú iná mi.”

A ti rí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, pé kí ẹ kó fíìmù náà wá tàbí kí ẹ bá àwọn nílé ẹjọ́. Wọn kò tilẹ̀ kí yín kú àṣẹ̀hìndè. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀dọ̀ wa ni fíìmù náà wà. Bí wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ní kí wọ́n wá bá wa. Igba ọmọ ẹgbẹ́ ó lé mẹ́tàdínlógún ló ti fọwọ́ sí ìwé, tí kálukú ní òun lòun mú un. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ tí yóò bi wá ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa ò kánjú.

Èédú ilé yín títí òtútù yìí yóò fi lọ, ọrùn wa ló wà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, Ida Koskela, tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ọkọ yín, ni yóò yí fíìmù náà. A ti fi àga sílẹ̀ fún yín níwájú.

Nínú Bíbélì, nígbà tí Hánà gbàdúrà, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Àlùfáà wò ó, ó ní ó ti mutí yó. Ọlọ́run kò béèrè ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dá a lóhùn. Kí Ọlọ́run yẹn náà wo ojú yín, kí ó ka ohun tó wà níbẹ̀, kí ó sì tù yín nínú.

Ruben Zelinka,
Akọ̀wé, fún gbogbo ẹgbẹ́