Ìka Tí Ẹ̀rọ Ò Mọ̀ Mọ́

Màmá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ara mi le, ẹ má ronú. Ọwọ́ mi kàn ń bó díẹ̀ nídìí iṣẹ́ ìfọṣọ ni. Dókítà ní òkú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú awọ wa, síbẹ̀ wọ́n fi ìkọ́ kéékèèké di ara wọn mú, bí ìkọ́ bùláòsì, títí àsìkò tí wọ́n á jábọ́ á fi tó. Ọṣẹ líle tí a ń lò ló ń já ìkọ́ náà ṣáájú ọjọ́.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú oríire, òun lọ̀gá wa níbi iṣẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ojú ìka òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò dá mi mọ̀, torí ojú ìka mi ti dán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé èmi ni." Ó ní, "Ẹni tí ẹ̀rọ bá mọ̀ lèmi náà mọ̀." Ọmọ tí a jọ mu ọmú kan náà! Òkú awọ pàápàá ń di òkú awọ mú o, Màmá.

Mo ti ń sinmi nílé látìgbà náà. Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí ẹ bá rí i pé ìkọ̀wé yìí kì í ṣe tèmi, ẹ má jáyà. Ará yàrá mi ló ń bá mi di bíírò mú.