Fúyẹ́ Lábẹ́ Páànù Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 10 Èrèlé 2025

Ó jáde! Odindi, kò là, kò sán. Mo ṣí àwo láàárọ̀ yìí ní láàbù, mo bá a, pẹlẹbẹ kékeré tó mọ́ bíi gíláàsì, tó jókòó bí ọmọ ọba. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Fúyẹ́. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é gùn ju òun gan-an lọ.

Mo gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo ní láti wò ó kí n tó gbà pé nǹkan wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbé e síwájú aṣọ dúdú, á dà bí èéfín ìdáná àárọ̀, búlúù. Bí mo bá gbé e sójú fèrèsé, á pọ́n díẹ̀ bí omi tíì. Mo fi èékánná kàn án — ṣíín, bí àwo tín-ín-rín. Mo gbé e lé òdòdó kan tí mo já lẹ́nu ọ̀nà, òdòdó ò tẹ̀.

Èèpo ìrẹsì láti Ìrẹsà sì ni o! Èyí tí wọ́n ń dà sẹ́yìn ẹ̀rọ tí ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ. Mo sun ún di eérú, mo sè é pẹ̀lú sódà, ó dì bí ẹ̀kọ. Iṣẹ́ tó kù ni bí omi ṣe máa jáde nínú ẹ̀kọ yẹn tí ara rẹ̀ ò ní wọlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láti èṣí. Lónìí omi jáde, afẹ́fẹ́ wọlé, ó dúró. Afẹ́fẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Mo yíjú láti fi han ẹnì kan. Kò sí ẹnì kankan. Wọ́n ti lọ jẹun. Mo kí ara mi kú oríire.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Kò síná. Gààrí. Ọlọ́kadà nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Èrèlé

Mubaraq yà. Àbúrò mi kan ṣoṣo — mọ́tò rẹ̀ ló ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bó bá ti já èrò sílẹ̀ ní Ọjà Igbó, á sáré wá wò mí ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń gbé. Ó jókòó. Mo ní báwo ni Bàbá. Ó ní, "Àǹtí mi, ooru máa pa wọ́n."

Láti ìgbà tí àìsàn ti mú wọn lápá kan, Bàbá ò lè máa sùn síta mọ́. Inú yàrá ni, lábẹ́ páànù lásán tí oòrùn ti yan láti àárọ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kí wọ́n sá fún ooru. Sá lọ síbo? Káfíńtà gun òkè ilé, kíá ló sọ̀ kalẹ̀: ikán ti jẹ igi àjà tán. Ó ní bí wọ́n bá fi pákó kan lé e báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì ni pákó máa ká Bàbá mọ́. Mubaraq ní kí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ òun. Wọ́n ní ilé tí ìyá wa kú sí làwọn náà máa kú sí.

Mo ní, ṣé wọ́n bèèrè mi? Ó dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ìdáhùn nìyẹn.

Ọdún kẹta rèé. Mo kúrò nílé Ẹni-Yẹn — mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí — lọ́jọ́ tó gbá mi létí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó ní kí n yàn, láàbù tàbí òun. Mo yàn. Ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá sì ni. Bàbá ní àfi bí mo bá padà sílé ọkọ kí àwọn tó tún pè mí lọ́mọ. Ohun tí mo bá fi ránṣẹ́, ó ń padà wá. Ẹja, oògùn, fáànù kékeré tó ń lo oòrùn. Mubaraq ló ń rù ú bọ̀, ojú á sì máa tì í bíi pé òun ló ṣẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, mo wo Fúyẹ́ nínú ìgò rẹ̀. Nǹkan tí ikán ò lè jẹ. Tí ooru ò rọ́nà gbà kọjá nínú rẹ̀. Tí igi jíjẹrà lè gbé. Hùn-ùn.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlé

Sùtánà wọlé láìkanlẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe. Rúùtù lorúkọ rẹ̀ gan-an, ìyá Ìmọ́lẹ̀olúwa, aránṣọ, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi. Aládúrà paraku. Lọ́jọ́ Àìkú kì í bọ́ sùtánà kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyẹn ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ — kò mọ̀ o.

Ó ní, "Hajarat, kí lèyí, hóhò ọṣẹ?" Mo ní kí ó fún mi ní àbẹ́là tó mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gé e díẹ̀, mo fi ègé yẹn lé orí Fúyẹ́, mo tan èyí tó kù sábẹ́. Iná ń lá ìdí Fúyẹ́, ègé àbẹ́là tó wà lókè jókòó jẹ́ẹ́, kò yọ́. Sùtánà fọwọ́ kan òkè — kò gbóná. Ó fò sẹ́yìn. "Jésù Olùgbàlà! Ta ló wà nínú ẹ̀?" Mo ní kò sẹ́nìkan, ìyá Ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ tí kò lè rìn. Ó ní kí n má fi òun ṣẹ̀sín lọ́jọ́ Olúwa. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tó lọ, yàrá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Ọ̀gá láàbù gbà: èyí tó bá ti là tí a ò lè fi ṣàyẹ̀wò mọ́, kí n máa kó o. Mo ń fi òwú àràbà sínú rẹ̀ kí ó má máa rún. Ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí bísíkíìtì ńlá. Mo ta omi sí i, omi ń yí lórí rẹ̀ bó ṣe ń yí lórí ewé kókò. Kò lè tó gbogbo yàrá Bàbá láéláé. Òkè bẹ́ẹ̀dì nìkan. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Ọ̀kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bú u. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni mo dá ṣínu. Nílé, Bàbá ló máa ń pín dàbínù, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún torí èmi ni àkọ́bí. Mubaraq á máa sunkún. Sùtánà gbé ògì gbígbóná wá fún mi, ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ẹ̀sìn wa, àmọ́ ebi ò ní ẹ̀sìn. Ọlọ́hun bá mi kẹ́ obìnrin yìí.

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Fúyẹ́ ti lọ sí Ọ̀yọ́. Mubaraq gbé àpò tí mo kó o sí, ó ń mì í. "Àǹtí mi, ṣé nǹkan wà nínú ẹ̀ báyìí?" Mo kígbe mọ́ ọn pé kó má fọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan mọ́ mi lójú!

Bí Bàbá bá ti lọ kí ìrun Àsárì ló máa so ó sókè bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo kìlọ̀ fún un dáadáa: má gbé òòlù débẹ̀. Ìṣó máa fọ́ Fúyẹ́, igi yẹn náà ò lè gba ìṣó. Òwú ni kí o fi so gbogbo rẹ̀ mọ́gi. Sùtánà ló fún wa ní òwú ọ̀hún, èyí tó ki tó fi ń rán báàgì.

Irọ́ tí a jọ pa: ọ̀gbẹ́ni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń dán an wò nínú ilé àwọn àgbà. Ó dáa. Mo di ọ̀gbẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Bàbá sùn!!

Mubaraq ló pè. Ó ní wọ́n sùn títí òun fi lọ jí wọn fún sààrì. Wọ́n ní ó dà bíi pé àwọn sùn sábẹ́ igi. Lẹ́yìn gbogbo ìrun ni wọ́n ń ṣe àdúà fún ẹni tó ṣe é: "Kí Ọlọ́hun tù ú lára bó ṣe tù mí lára. Kí Ó má jẹ̀ẹ́ kó dá wà."

Mo sunkún. Inú mi dùn, mo sì ń jowú. Ọ̀gbẹ́ni tí kò sí láyé, ó ń gba àdúà bàbá mi lójoojúmọ́, èmi wà níbí.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

A gbàgbé. Èmi àti Mubaraq, ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́nbélé, a gbàgbé! Bàbá fẹ́ wá dúpẹ́.

Wọ́n ní, "Ta ni mí tí màá jẹ oore ọmọlọ́mọ, tí mi ò ní lọ kí i?" Mubaraq ní ọ̀gbẹ́ni rìnrìn-àjò. Wọ́n ní ìgbà wo ló ń dé. Ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n ní kó wádìí. Wọ́n sì ti ń rán àpò awọ kékeré kan fún un. Bàbá! Awọ ni iṣẹ́ wọn láti kékeré, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi tọ́ wa, àmọ́ wọn ò tíì mú abẹ́rẹ́ láti ìgbà àìsàn. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń rán an báyìí, orúnkún ni wọ́n fi di awọ mú.

Àpò mi ni. Tèmi ni.

Ọjọ́ Ajé, 17 Ẹrẹ́nà

Àná ló ṣẹlẹ̀. Mi ò lè kọ ọ́ lánàá.

Bàbá wọ agbádá funfun, wọ́n ti jókòó síwájú mọ́tò kí Mubaraq tó jáde. Wọ́n ní bí ọ̀gbẹ́ni ò bá sí nílé, àwọn á kí àwọn ará ilé rẹ̀. Mubaraq wakọ̀. Irọ́ ti tán nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Odò Ọba, ó dúró létí títì, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Hajarat ni."

Ó ní wọn ò bínú. Ó ní ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n wo àpò awọ tó wà lórí itan wọn. Wọ́n ní, "Yí mọ́tò padà."

Odò Ọba! Kò jìnnà síbí rárá. Lásìkò yẹn mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùnlé, mò ń kọrin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Kò sẹ́ni tó pè.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Bàbá ti ń tú Fúyẹ́ kúrò. Àwọn fúnra wọn! Igi àjà ilé wa ò ga, ẹni tó bá dúró lórí bẹ́ẹ̀dì á tó o. Mubaraq ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn ṣe é, wọ́n lé e jáde, wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ẹni tí mi ò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò lè jẹ oore ẹ̀."

Ó dáa. Mo ti gbọ́. Kí wọ́n máa yan lábẹ́ páànù wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Èmi náà á máa gbé ayé mi. Ta ló bí àgídí bí kì í ṣe àwọn? Àwọn náà ni mo fi jọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Ẹrẹ́nà

Ó ń ṣe mí bíi kí n ya ojú ìwé àná. Ọlọ́hun, ẹ má gbà á lẹ́nu mi. Ooru lónìí ò ṣe é fẹnu sọ. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń ro páànù yẹn.

Sùtánà bèèrè ohun tó ń ṣe mí. Mo ní ààwẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Ẹrẹ́nà. Ìtúnu ààwẹ̀

Mo lọ kírun. Mo wọ aṣọ tuntun tí Sùtánà rán fún mi. Gbogbo èèyàn ń di mọ́ ara wọn ní pápá, mo kí àwọn tó dúró tì mí, mo padà sílé. Under G dá páropáro, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ bá bàbá wọn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ ọdún lára. Mi ò mọ ibi tí mo máa wọ̀ ọ́ lọ.

Lọ́sàn-án Mubaraq dé. Ó gbé ẹran, ó sì gbé àpò Fúyẹ́. Ó gbé e sílẹ̀, kò dún rárá. Mo ní kó gbé e lọ síta, mi ò fẹ́ rí i. Ó ní, "Ẹ ṣí i ná, Àǹtí mi."

Mo ṣí i. Mo tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tò lókè bẹ́ẹ̀dì wọn. Kò sí èyí tó fọ́. Kò sí èyí tó sán. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi tú u, wọ́n sì tú u bẹ́ẹ̀. Mo tò ó dé apá orí, àyè kan ṣófo.

Mo ní, "Ọ̀kan ti fọ́."

Ó ní, "Kò fọ́ o. Bàbá ní kí n sọ fún yín."

Mo jókòó. Láti ọdún mẹ́ta, Bàbá ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ sí mi rí.

"Wọ́n ní èyí tó wà lókè ìrọ̀rí àwọn ló kù. Wọ́n ní àwọn fà á títí, ìṣó rẹ̀ ló kọ̀ tí kò yọ."

Mo wo Mubaraq. Mubaraq wò mí. Òun ló so ó. Òwú Sùtánà ni, òwú tí ọmọdé lè fi eyín já, tí Bàbá ti ń mú irú rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí èmi àti òun. Kò sí ìṣó lókè yẹn. Kò sí ìṣó kankan nínú gbogbo ilé yẹn tí igi rẹ̀ lè dì mú.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbà mí, kó tó di ẹkún. Mubaraq ń wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tó fẹ́ lọ, mo sìn ín dé ìdí mọ́tò. Mo ní kó bá mi kí Bàbá kú ọdún. Kó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fagbára fà á mọ́, kí wọ́n má fi ọwọ́ wọn ṣèṣe. Mo mọ ìṣó yẹn. Ó le.